Bàbá Tó Ń Ka Bíbélì

Nínú àlọ́ tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, bàbá kì í jẹ̀bi. Bí ìyà bá ń jẹ ọmọ, orogún ìyá rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀; bí ọmọ bá sì di aláìlóbìí, ẹbí ni yóò han án léèmọ̀. Ọ̀nà yẹn náà ni J. F. Ọdúnjọ tọ̀ nínú Kúyẹ̀ ní 1964, ìtàn ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò sì ní òbí mọ́. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí ọmọ, tó tún ń lu ìyá rẹ̀ níṣojú rẹ̀, ta ló pàlọ́ rẹ̀ rí?

Ará Nẹ́dálándì kan pa á. Guus Kuijer, tó ti ṣe tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, kọ ọ́ jáde ní ìwé ní 2004. John Nieuwenhuizen sì yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ó pè é ní The Book of Everything. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kà á. Yorùbá ni mo fi ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ àbúrò mi l'Ádó-Èkìtì, bí iná bá ti lọ, tí tẹlifíṣọ̀n sì ti kú.

Amsterdam ni, 1951. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Thomas. Bàbá rẹ̀ ò fi Bíbélì ṣeré rárá, ó sì ń gbá ìyàwó rẹ̀ létí. Bí Thomas bá ṣe ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, igi tí wọ́n fi ń ro ọbẹ̀ ló fi ń nà án. Ọmọ náà bá ronú kan ìyọnu Íjíbítì, ó bu nǹkan pupa sínú omi ẹja wọn kó lè dà bí ẹ̀jẹ̀. Ibí yìí làwọn ọmọ ti gba ìtàn lẹ́nu mi: ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́, iná orí, eṣinṣin! Ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi ò jẹ́ kí n ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkùnrin àárín wọn béèrè pé, "Ṣé bàbá yẹn kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Mo ní ó ń lọ dáadáa. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

Opó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, àwọn Jámánì ló pa ọkọ rẹ̀ nígbà ogun. Àjẹ́ làwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. (Àdúgbò wo l'Ádó ni kò ní irú ìyá bẹ́ẹ̀?) Òun ló ń yá Thomas níwèé. Nígbà tó yá, obìnrin àtọmọdé ya wọ ilé Thomas láti wá ka ewì sókè, ewì Annie M. G. Schmidt. Bàbá tó ń jẹgàba nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ò wá mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ yẹn ni mò ń rò láti ìgbà náà. Nínú agbo ilé àtijọ́, ọkùnrin ò ní tíì na ọwọ́ tán kí ẹnìkan tó ké láti yàrá kejì pé, "Kí ló dé o?" Kì í ṣe pé wọn ò lu obìnrin, wọ́n ń lù wọ́n, àgbà mìíràn á sì tún dá aya lẹ́bi. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbọ́. Lónìí, ilé onífẹ́ǹsì la ń kọ́, géètì irin, jẹnẹrétọ̀ ń dún títí di òru. Ilé Thomas sún mọ́ tiwa ju agbo ilé bàbá mi lọ. Ìjọba Èkìtì ṣe òfin tó de irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ ní 2011, Bísí Fáyẹmí, aya gómìnà ìgbà náà, wà lára àwọn tó jà fún un, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Ẹni tí yóò gbọ́ igbe, tí yóò sì lọ fẹjọ́ sùn, ló kù.

Àbúrò mi obìnrin ò fẹ́ràn ìtàn náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, irú ìtàn wo lẹ̀ ń kọ́ wọn yìí?" Mo ní kó bi àwọn ọmọ. Ọkùnrin àárín bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, kò gbàgbé ẹja, kò gbàgbé ewì, ṣùgbọ́n ó fo ibi tí Margot, ẹ̀gbọ́n Thomas, ti fa ọ̀bẹ yọ sí bàbá wọn. Ìyá rẹ̀ fetí sílẹ̀ títí ó fi parí.

"Ìyá opó yẹn," ló wá béèrè, "ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe àjẹ́?"