Ta Ló Ṣẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwa Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá bí aburú bá dé bá ẹnì kan. A kì í béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ta ló ṣẹ̀ la máa ń béèrè. Ọkọ̀ dànù lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, wọ́n á ní ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ náà. Òjò kọ̀ ní Òkè-Ògùn títí àgbàdo fi gbẹ lóko, wọ́n á ní ìwà àwọn ọ̀dọ́ ló bí Ọlọ́run nínú. Obìnrin ò rọ́mọ bí, wọ́n á ní kó lọ rántí ohun tó ṣe kó tó délé ọkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Bóyá ẹ̀yin gan-an ni wọ́n sọ ọ́ sí.

Ní ilé tiwa ní Ṣakí, ọdún 11 ni ìbéèrè yẹn fi bá wa gbé. Àwa mẹ́rin ni Màámi bí. Ẹnì kẹta wa ò tíì pé ọmọ ọdún kan tí àìsàn fi dé. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ á wú, ojú ẹ̀ á pọ́n bíi ti ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, eegun á máa ro ó débi pé a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà kan ní làkúrègbé ni. Àwọn mìíràn ní àbíkú ni. Ìjọ tí à ń lọ nígbà yẹn ní ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe eré. Pápá ni ilẹ̀ wa, kò sí igbó kìjikìji tó máa dínà afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, òru á tutù, ètè á là, omi kànga á lọ sílẹ̀. Òtútù àti àìmu omi tó wà lára ohun tó máa ń ru ìrora àìsàn yìí sókè. Oṣù Kejìlá yìí kan náà sì ni ìjọ máa ń gba ààwẹ̀ ìparí ọdún, tí ìwàásù á dá lórí Gehasi tó di adẹ́tẹ̀ nítorí ojúkòkòrò, àti Anania pẹ̀lú Safira tí wọ́n ṣubú lulẹ̀ tí wọ́n kú nítorí irọ́. Ìwàásù ń lọ lọ́wọ́, àbúrò wa ń ké lórí ẹní lẹ́yìn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe so ó pọ̀. Wọ́n ní ẹ ò rí i, gbogbo ìgbà tí Ẹ̀mí bá sọ̀kalẹ̀ ni ọmọ obìnrin yìí máa ń ké. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ ò rí i, gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá dé ni.

Wòlíì ní kí Màámi jẹ́wọ́. Ó jẹ́wọ́ pé òun jẹ àkàrà ọdún Eégún nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Wọ́n ní kì í ṣe ìyẹn. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti ṣèlérí fún ọkùnrin kan ní Ìsẹ́yìn kí òun tó fẹ́ Bàámi. Wọ́n ní ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kó wá a dáadáa. Ó jẹ́wọ́ pé lọ́jọ́ kan, nígbà tí owó ò sí nílé, òun fi òṣùwọ̀n tí kò kún wọn èlùbọ́ fún oníbàárà. Ìyẹn náà kọ́. Wọ́n ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, kó sì máa sun ilé ìjọsìn. Wọ́n ní kí ọmọ náà bá a gbà á, kó má fi omi kan ẹnu títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọmọ tó jẹ́ pé àìmu omi ló ń dá a gúnlẹ̀, òun ni wọ́n ní kó má mu omi.

Ẹnikẹ́ni ò bi Bàámi ní nǹkan kan. Òun ló máa ń fi ọ̀kadà gbé wọn lọ, á jókòó síta, á máa dúró dè wọ́n.

Nígbà tí àbúrò wa pé ọmọ ọdún 11, ìrora kan mú un tí àdúrà ò dá dúró. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n ní SS ni. Nọ́ọ̀sì ní kí gbogbo ilé wá ṣe àyẹ̀wò. Àwa ọmọ ló fà á títí wọ́n fi lọ. Bàámi, AS. Màámi, AS. Méjì nínú àwa yòókù AS, ẹnì kan AA. Màámi mú ìwé tiẹ̀ àti ti Bàámi dání, ó wò wọ́n títí. Ó wá bi nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀ ń sọ pé kì í ṣe èmi nìkan?"

Bó ṣe rí nìyí. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, èròjà kan wà tó ń gbé afẹ́fẹ́ tí a ń mí kiri ara. Olúkúlùkù ló gba àṣẹ méjì lórí bí ara ṣe máa ṣe èròjà náà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó bá gba A kan àti S kan ò ní mọ̀ rárá, ara ẹ̀ á le. Tí bàbá àti ìyá bá wá jẹ́ AS, ẹ fọkàn rò ó pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ju kọ́bọ̀ kan sókè, A lójú kan, S lójú kejì. Ìgbà tí kọ́bọ̀ méjèèjì bá fi S hàn ni ọmọ máa jẹ́ SS, tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á máa tẹ̀ bíi dòjé tí á sì máa há sójú iṣan. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni, fún oyún kọ̀ọ̀kan. Kọ́bọ̀ ò ní ìrántí. Ilé kan lè bí mẹ́rin kó má kan ẹnì kankan, òmíràn lè bí méjì kó kan àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan ṣoṣo ò lè bí SS. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì.

Bàámi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ló wọ inú ilé ìjọsìn, ó lọ bá wòlíì, ó ní, "Bàbá, bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ dá a sí méjì. Ìdajì ẹ̀ tèmi ni."

Àwọn baba wa ti fojú sí àìsàn yìí tipẹ́. Wọ́n ń pè é ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde, nítorí ẹni tó ń kú lọ lónìí á tún dìde lọ́la. Ọdún 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé, èyí tó rí lára akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti erékùṣù Grenada. Ní 1949, Linus Pauling àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn pé èròjà inú ẹ̀jẹ̀ náà fúnra ẹ̀ ló yàtọ̀. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà kì í lágbára lára ọmọ tó jẹ́ AS bó ṣe ń lágbára lára AA. Ẹ gbọ́ o: ohun tí wọ́n ní ègún ìdílé ni, ó wà lára ohun tí ò jẹ́ kí ibà pa àwọn baba ńlá wa tán kí wọ́n tó bí ẹni tó bí wa. Ìdí nìyẹn tó fi wà ní Íńdíà, ní Saudi Arabia àti ní Gíríìsì pẹ̀lú, níbi tí ibà ti jà. Nàìjíríà ni wọ́n sì ti ń bí ọmọ tó ní in jù láyé. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló jẹ́ AS. Ṣé ìdá mẹ́rin Nàìjíríà ló pàdé pọ̀ dá ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni?

A ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ò lẹ́san. Ẹni tó mutí yó tó sì wa ọkọ̀ wọ kòtò mọ ohun tó gbìn. Bíbélì náà ò fi ìyà pamọ́. Ọmọ Dáfídì kú lẹ́yìn ọ̀ràn ìyàwó Uraya. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtàn náà ṣe lọ: ẹ̀ṣẹ̀ ló kọ́kọ́ hàn, Natani wá bá Dáfídì, ó sọ ohun tó ṣe fún un lójú, Dáfídì sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Kódà ní ti Akani, tó jẹ́ pé ìyà ló ṣíwájú, ọkùnrin náà sọ ohun tó kó, wọ́n sì lọ hú u jáde nínú àgọ́ ẹ̀. Ní ti Màámi, ìyà ni wọ́n rí, wọ́n wá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tó máa bá a mu kiri. Ọdún 11, wọn ò rí nǹkan kan hú.

Àwọn tó ń wàásù ìdè ìdílé máa ń tọ́ka sí Eksodu, níbi tó ti sọ pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ baba lè dé ìran kẹta àti ìkẹrin. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Esekiẹli orí 18 náà wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń pa òwe pé baba ló jẹ èso kíkan tí eyín ọmọ fi kan, Ọlọ́run sì ní kí wọ́n yéé pa á. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, wọ́n bi Jésù ní ìbéèrè tiwa yìí gan-an: ta ló ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí ẹ̀? Jésù ní kò sí nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Siloamu wó pa èèyàn 18, ó ní wọn ò burú ju àwọn tó kù ní Jerúsálẹ́mù lọ, kí olúkúlùkù ronú pìwà dà tiẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti fi òkú ẹlòmíràn ṣe ìwàásù.

A ò fi ìjọ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ àrùn influenza wọ Èkó, ó sì tàn ká. Àwọn dókítà ìgbà náà ò ní oògùn ẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's kóra jọ láti gbàdúrà. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́, Sophia Odunlami, wà lára wọn, ó ń kéde pé omi òjò àti àdúrà ni kí wọ́n fi wo àìsàn náà. Irú ẹgbẹ́ àdúrà bẹ́ẹ̀ wà lára gbòǹgbò àwọn ìjọ Aládùúrà. Ẹni tí dókítà ò ní nǹkan fún, ta ló máa bá a wí pé ó ké pe Ọlọ́run? Ṣùgbọ́n àdúrà ìwòsàn yàtọ̀ sí ìwádìí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bu omi òjò fún aláìsàn fún un ní nǹkan. Ẹni tó ní kó má mu omi títí tí ìyá ẹ̀ á fi jẹ́wọ́, kí ló fún un? Ní Ṣakí wa yìí náà, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló dá ilé ìwòsàn Baptist sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ àti abẹ́rẹ́ ò bára wọn jà.

Ọ̀kan nínú wa, ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà ló kọ́ ní yunifásítì, ètò orí fóònù ló sì ń kọ jẹun. Níbi iṣẹ́ yẹn, bí ètò bá dákú lóru, àwọn tó mọṣẹ́ máa ń kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kì í ṣe àánú lásán. Tẹ́ ẹ bá ti ń wá ẹlẹ́bi, kálukú á panu mọ́, ẹ ò ní mọ ohun tó bàjẹ́, á sì tún bàjẹ́ lọ́la. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa náà nìyẹn. Màámi ò jẹ́ sọ fún aládùúgbò mọ́ tí ara ọmọ bá ń gbóná, nítorí ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹni tó lè sọ fún un pé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ò gbọ́ rárá.

Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ìjọ ló ń béèrè ìwé jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Ó dáa púpọ̀. Àmọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú wa mú àfẹ́sọ́nà ẹ̀ lọ, AS àti AS, ohun tí wọ́n sọ ni pé bí wọ́n bá fẹ́ra, ìbínú Ọlọ́run ni wọ́n ń wá. Ẹ̀ṣẹ̀ tún ti dé nìyẹn! Àwọn méjèèjì kúrò níbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ṣe ìṣirò wọn, wọ́n pínyà. Ó dùn wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni wọ́n fi pínyà, kì í ṣe ẹ̀rù. Tí àwọn mìíràn bá ṣe ìṣirò kan náà tí wọ́n sì fẹ́ra, ọmọ tí wọ́n bá bí ò gbọdọ̀ di ẹ̀rí tí ìjọ máa fi dá wọn lẹ́bi.

Àbúrò wa ti pé ọmọ ọdún 27. Ó ń tún fóònù ṣe ní Ṣakí. Ó ń lo oògùn ẹ̀, kì í fi omi jáfara, súwẹ́tà ẹ̀ nípọn ju ti gbogbo wa lọ. Ìrora ṣì máa ń dé. Màámi ṣì ń gba ààwẹ̀ ìparí ọdún, ó ní ti ọpẹ́ ni, òun nìkan ló sì ń gbà á.

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù wá kí i, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ìyẹn ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń wá. Tí ìyà bá ń jẹ ẹnì kan nínú ìjọ yín, ẹ jókòó tì í. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè nǹkan, ẹ bi í pé ibo ló ń dùn ún, ṣé ó ti mu omi, ta ló máa gbé e dé ilé ìwòsàn. Tó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tó fẹ́ sọ, ẹnu ẹ̀ ni á fi sọ ọ́.