Kọ́bọ́ọ̀dù Tó Kọjú sí Ògiri

Bí mo bá sọ ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa pé Technical Drawing wà lára ohun tí mo fi ṣe WAEC, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Kí ló wá gbé ọ dé ọ̀dọ̀ àwa oní-Yorùbá?" Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù kan sì wà nínú rẹ̀.

Ní Afo ni mo ti lọ sílé ìwé, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí a wọ SS1, àwa mẹ́rin péré la yan TD, èmi nìkan sì lobìnrin. Bọ́ọ̀dù ìyàwòrán méjì ló wà fún wa, igun ọ̀kan sì ti kán. Owó kòkó ni bàbá mi fi ra T-square mi ní Ọ̀wọ̀. Ó wé e sínú ìwé ìròyìn, ó sì gbé e lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò títí ó fi délé, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó lé e.

Olùkọ́ wa sapá, ṣùgbọ́n ìwé ló ń kà jáde fún wa. Ohun tó bá yà sójú pátákó làwa náà ń yà, a kò mọ ohun tí à ń yà. Kì í ṣe ilé ìwé tiwa nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun kí ọmọ ilé ìwé lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà kò kúrò nínú àpótí tí wọ́n fi kó o wá, torí kò sí iná, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Ọ̀nà ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù bàbá káfíńtà kan wà. Mo yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti tọrọ àjákù igi, mo sì ṣàlàyé fún wọn pé wọ́n ní ká ya nǹkan kan lójú mẹ́ta, kò sì yé mi. Wọ́n mú igi kan, wọ́n gé e bí àtẹ̀gùn, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

"Dúró síwájú rẹ̀. Kí lo rí?"

Mo ní àtẹ̀gùn ni.

"Má sọ ohun tí o mọ̀ fún mi. Ohun tí ojú rẹ rí ni kí o sọ."

Onígun mẹ́rin méjì ni mo rí, ọ̀kan lórí ìkejì. Wọ́n ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí n gun àpótí, kí n wò ó látòkè. Wọ́n yọ̀ǹda igi náà fún mi. Lálẹ́, mo gbé e lé bébà, mo kọ ojú iwájú rẹ̀ sókè, mo wá yí i sí ọ̀tún. Ojú òsì rẹ̀ ló hàn. Àṣé ìdí nìyẹn tí ìwé wa fi ń ya ojú òsì sí apá ọ̀tún! First angle tí mo ti ń há sórí láti oṣù mélòó kan.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí tí oníbàárà bá mú àwòrán wá, torí àwọn kì í ka àwòrán. Ẹnu ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́. Orí mi wú. Ní SS2, ọmọ ìlú kan tó ń gbé Amẹ́ríkà fi àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù ránṣẹ́, ojú iwájú àti ẹ̀gbẹ́ kan, tí ilẹ̀kùn kékeré wà lára ẹ̀gbẹ́ náà. Apá òsì ni wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ yìí sí. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni. Wọ́n gé igi ọ̀gànwó. Nígbà tí a gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà dé igun yàrá tí wọ́n ṣe é fún, ilẹ̀kùn náà kọjú sí ògiri.

Third angle làwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Àmì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bébà, òbìrí méjì nínú ara wọn àti ohun kan bí ife tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. N kò tilẹ̀ wò ó.

Bàbá kò dárúkọ mi fún oníṣẹ́. Wọ́n ra pákó mìíràn lówó ara wọn. Gbogbo ìsinmi Àjíǹde ni mo fi ń fi sáńpépà ha igi ní ṣọ́ọ̀bù wọn, síbẹ̀ mo mọ̀ pé kò tó owó ọ̀gànwó. Ohun tó tún ni mí lára ni pé n kò lè ṣàlàyé àṣìṣe náà fún wọn. Mo ní "angle kẹta". Wọ́n ní igun wo? Mo wá gbé igi àtẹ̀gùn yẹn wá, mo yí i, lẹ́yìn náà mo fi í sílẹ̀, mo rìn yí i ká, mo sì ń tọ́ka síbi tí mo dúró sí.

"Ó yé mi," ni wọ́n wí. "Ọ̀kan ń yí igi. Èkejì ń yí ẹsẹ̀ ara rẹ̀."

B3 ni mo gbà. Architecture ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, máàkì mi kò tó, Yorùbá ni wọ́n fún mi. N kò ní purọ́ pé inú mi dùn. Ní ọdún kejì ni mo gbọ́ nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní St. Stephen's, Ilé-Ifẹ̀, ní 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn kan ń sùn ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Èmi ń kọ ọ̀rọ̀ bàbá káfíńtà sí ẹ̀yìn ìwé mi.

Kérésì tó kọjá, mo yà kí wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìṣó ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Wọ́n fa bébà tuntun kan yọ nínú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú mi. Kí n tó jókòó, ìka wọn ti wà nísàlẹ̀ bébà náà.

"Àmì yẹn dà?"