Ọmọ Tí Kò Lè Dìde Lè Má Ṣe Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Ní abúlé wa lẹ́bàá Lálúpọn, bí ọmọ kò bá lè dìde nílẹ̀ láì di nǹkan mú, ọ̀lẹ ni à ń pè é, tàbí kí á ní ayé ló dè é. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ìyálọ́jà, àrùn ni ó lè jẹ́. Dermatomyositis ni àwọn dókítà ń pè é.

Interferon, tí wọ́n ṣe àwárí rẹ̀ ní 1957, ni agogo tí ara ń lù bí kòkòrò àrùn bá wọlé. Lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn jíìnì tí ń jẹ́ ìpè agogo náà kì í sinmi bí ọ̀tá kò tilẹ̀ sí. Ara wá ń bá iṣan ara rẹ̀ jà.

Bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá ṣú, tí oríkèé ìka rẹ̀ sì ń bó, ẹ gbé pàṣán jù sílẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ sí UCH, n'Íbàdàn. Oògùn wà tí ń dẹwọ́ ogun náà.