Ìbọn Tí Kì í Pa Ẹran

Ní ilé wa ní Kétu, ìbọn kì í ṣe ohun àjèjì. Ọdẹ ni bàbá bàbá mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ sì jogún iṣẹ́ náà. Ìbọn ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ ni wọ́n ń lò. Ìbọn ni ó ń mú ẹran wọ inú ìkòkò wa. Òun náà ni wọ́n ń yìn nígbà tí ọdẹ àgbà bá papò dà. Ṣùgbọ́n èmi lọ sí ilé-ìwé Faransé, òfin ilé wa sì ni pé ọmọ tí ó ń gbé ìwé dání kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Mo dàgbà láìmọ bí ó ti wúwo tó.

Lónìí tí mo ti lé ní ogójì ọdún, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àti ìmọ̀ ilẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ilẹ̀ Faransé, mo ti ní ìbọn tèmi. Kò pa ẹran rí lọ́wọ́ mi. Kò tilẹ̀ pa ẹyẹ. Nígbà tí Bàbá Ọdẹ gbọ́ ọ lórí tẹlifóònù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: «Kí ni ó wá ń pa?» N kò rí èsì tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn fún wọn lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, òun ni ó sì mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀yin òǹkàwé, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Ilé-iṣẹ́ Anschütz ní ìlú Ulm, ní Jámánì, ni wọ́n ti ṣe ìbọn náà. Ọdún 1856 ni ilé-iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Mehlis. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìdílé tí ó ni ín tún un dá sílẹ̀ ní Ulm, ní 1950. «Match 54» ni orúkọ tí wọ́n fín sí ara irin rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń díje nínú ìbọn yíyìn tí kò mọ orúkọ yìí. Tèmi dàgbà jù mí lọ. Bàbá arúgbó kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí èjìká rẹ̀ kò gbà á láyè mọ́ láti dùbúlẹ̀ yìnbọn, ni ó tà á fún mi ní 400 euro. A kì í ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí ẹni ra iṣu lọ́jà. Mo ní láti ní káàdì Fédération française de tir, kí dókítà fọwọ́ sí i pé ara mi dá, kí ọjà náà gba ọwọ́ òǹtàjà ìbọn tí ìjọba mọ̀ kọjá, kí orúkọ mi sì wọ ìwé ìjọba. Inú àpótí irin tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ni ó ń sùn.

Ìdíje tí mo ń fi í ṣe kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Ènìyàn yóò dùbúlẹ̀ dojú bolẹ̀, ìgúnpá méjèèjì yóò fara ti ilẹ̀, okùn awọ yóò sì so apá òsì mọ́ ìbọn. Àmì tí a ń yìn wà ní 50 mítà. Àárín rẹ̀ tí ó ń fúnni ní máàkì 10 kò fẹ̀ ju mìlímítà 10.4 lọ: kò tó èékánná àtàǹpàkò mi. Ìgbà 60 ni a óò yìnbọn. Ẹni tí kò bá tàsé àárín náà lẹ́ẹ̀kan yóò gba 600. Ìdíje ìdùbúlẹ̀ yìí wà lára eré Òlíńpíìkì àwọn ọkùnrin títí di ti Rio ní 2016. A kì í kó ọta púpọ̀ sínú ìbọn náà. Ẹyọ kan ni a ń kì. A ó yìn ín, a ó yọ ìkarahun rẹ̀, a ó tún ki òmíràn.

Ọta kan ṣoṣo yìí mú mi rántí ìtàn tí àwọn ọmọ wa ní Brazil ń sọ nípa Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń pè ní ọba Kétu: ọdẹ tí kò ní ju ọfà kan lọ, tí ó sì fi í pa ẹyẹ tí àwọn ọlọ́fà púpọ̀ kò rí pa. Àwọn tí a kó lẹ́rú gba orí òkun kọjá ni wọ́n gbé orúkọ Kétu dé ọ̀hún. Ẹni tí ó ní ọfà kan kò lè fi ìkánjú ta á.

Ìbọn náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara mi ni wọ́n fi wọn igi rẹ̀. Ènìyàn gíga, alápá gígùn, ni ó bá lára mu. Nígbà tí mo bá dùbúlẹ̀, n óò na ọrùn bí ìjàpá kí ojú mi tó dé ihò tí a fi ń fojú sùn. Kí n tó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀yìn ọrùn ti ń ro mí, ojú mi ti ń ṣú. Ìmọ̀ràn méjì ni mo gbà nínú ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí n tà á, kí n ra ti ìgbàlódé tí ìdí rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, tí owó rẹ̀ lé ní 3,000 euro. Àwọn àgbà ní ohun àtijọ́ ni, kí n má fọwọ́ kàn án, kí n kàn máa nù ún. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ràn méjèèjì, n kò sì tẹ̀lé ọ̀kankan. Ìbéèrè tí mo bi ara mi ni pé: kí ni ó ń mú ọta lọ tààrà nínú ìbọn yìí, kí sì ni ó wà fún ọwọ́ ẹni tí ó bá dì í mú? Irin ni ti àkọ́kọ́. Igi ni ti èkejì.

Nítorí náà, igi ni mo gbé tọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí a jọ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. A fi ayùn gé ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fara tì, a sì gbé e lé orí ọ̀pá irin kékeré méjì, kí ó lè máa lọ sókè sódò. Èdè ìdè irin kan ni ó ń dá a dúró. Mo gbé e sókè ní mìlímítà 12. A gé sẹ̀ǹtímítà méjì kúrò ní ìdí igi náà, a sì fi ìdí onírin tí ó ní ìkọ́ sí i, èyí tí ènìyàn lè yí títí tí yóò fi bá èjìká rẹ̀ mu. Mo fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ojú-ihò ẹ̀yìn sókè kí n má baà máa tẹ orí ba. Bí a bá sì gbé ti ẹ̀yìn, a gbọ́dọ̀ gbé ti iwájú ní ìwọ̀n kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọta yóò máa gba orí àmì kọjá.

Ọjọ́ orí náà ní tirẹ̀ láti sọ. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ohun tí ó wà nítòsí a máa ṣú lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba inú ihò kékeré wo nǹkan yóò rí i pé ó ń mọ́ kedere. Mo ra ojú-ihò tí a lè fẹ̀ tàbí kí a sún kì, mo sì pààrọ̀ òrùka iwájú sí èyí tí ó fẹ̀ díẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀, kí funfun lè hàn yípo dúdú àmì náà.

Ní ti ọ̀pá ìbọn àti apátí rẹ̀, n kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ilà tí wọ́n là sínú ọ̀pá náà ṣì mú bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí ó kù ni láti mọ ọta tí ó fẹ́. Mo ra páálí kọ̀ọ̀kan láti oríṣiríṣi, mo sì yin márùn-ún márùn-ún nínú wọn sí bébà. Àwọn kan fọ́n ká bí àgbàdo tí a dà sílẹ̀ fún adìẹ. Ọ̀kan kó ara wọn jọ sójú kan. Orúkọ kan náà lè wà lára páálí méjì, kí ọjọ́ tí wọ́n ṣe wọ́n yàtọ̀, kí ìbọn sì gba ọ̀kan kí ó kọ èkejì. Ìbọn ni ó ń yan ọta. Sùúrù ni ti ẹni tí ó ni ín.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Òwe yìí ni òfin àkọ́kọ́ ní pápá wa. Bí a kò bá yìnbọn lọ́wọ́, ẹ̀yìn ọ̀pá yóò wà ní ṣíṣí, a ó fi okùn aláwọ̀ pupa bọ inú rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé òfìfo ni, ẹnu rẹ̀ yóò sì kọjú sí ibi àmì. Ẹni tí ó bá rú u, ilé ni yóò lọ.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo lọ lo ìsinmi ní Kétu. Ìbọn náà kì í kúrò ní Faransé. Bébà àmì mẹ́ta tí mo ti yìn ni mo mú dání. Bàbá Ọdẹ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n fi àtàǹpàkò lé ojú ihò mẹ́wàá, ó sì bo gbogbo wọn. Wọ́n bi mí bí ó ti jìnnà tó. Wọ́n bi mí bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè: «Bí o bá ti fa apátí tán, kí ni o máa ń ṣe?» Mo ní mi ò kì í mira; n óò fi ojú sílẹ̀ nínú ihò náà títí n óò fi ka ení, èjì.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: «Ìbọn tiwa, bí o bá fa apátí, òkúta á ta iná, iná á jó ẹ̀tù ìta, kí ó tó wá dé ti inú. Ẹni tí ó bá ti gbójú kúrò kí ó tó dún, ewé ni yóò yìn. Ohun tí bàbá wa máa ń wí fún mi ni pé: má tíì gbójú, ìbọn kò tíì sọ̀rọ̀ tán.»

Ohun tí olùkọ́ wa ní Faransé ń wí fún wa ní ọjọ́ Sátidé gbogbo nìyí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Lóòótọ́, ọta tiwa kì í lò ju ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ nínú ọ̀pá, ṣùgbọ́n bí èjìká bá yẹ̀ láàárín ìgbà náà, ó ti tó láti tàsé. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni nínú ìdílé mi kọ́kọ́ kọ́ mi ní ohun kan nípa iṣẹ́ ọdẹ. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dìde. Wọn kò tún béèrè ohun tí ìbọn mi ń pa. Wọ́n gba bébà kan, wọ́n fi í há ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ọdẹ wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn kan yóò máa wí fún yín pé kí ẹ má fọwọ́ kan ohun tí àwọn baba fi sílẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní kí ẹ jù ú nù, kí ẹ ra tuntun. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí í ṣe irin níbẹ̀ àti èyí tí í ṣe igi. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa: àwọn agbẹ́gilére ń gbẹ́ alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú sórí ère, ọ̀dà ìgbàlódé ni wọ́n sì fi ń kùn ún, síbẹ̀ àwọn ìyá wa ni ijó náà ṣì ń júbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èdè wa: bí ẹ bá kọ ọ́ lórí tẹlifóònù, kò di èdè mìíràn, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń kí àgbà bí ó ti yẹ nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, òun náà sì ti wọ ẹgbẹ́. Ó ga jù mí lọ, apá rẹ̀ sì gùn. Nígbà tí ó fẹ́ dán ìbọn náà wò lójú mi, a wá ègé igi sẹ̀ǹtímítà méjì tí a ti gé kúrò, tí mo fi pamọ́ sínú àpótí irinṣẹ́, a sì fi ìdè gígùn dá a padà sí ìdí rẹ̀. Ó gbé ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní mìlímítà mẹ́rin. Nínú ìwé kékeré tí mo ń kọ ìwọ̀n mi sí, ó fi bírò pupa kọ tirẹ̀ sí abẹ́.