Ojú ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́ Orí

Nígbà tí àwa mẹ́ta kan nínú ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ rí iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan náà ni ó gbà wá, ní ìlú kan tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ìyè-Èkìtì. Ọ̀kan nínú wa ń tọ́jú ẹrù, èkejì ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, ẹ̀kẹta sì ń kọ ìwé owó oṣù. ₦100,000 ni wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Kí owó náà tó dé ni a ti pín in tán: ti ilé, ti oúnjẹ, ti ìdámẹ́wàá, ti àwọn òbí tí wọ́n ta iṣu àti kòkó kí a lè jókòó ní kíláàsì ilé-ìwé yìí. Nígbà tí oṣù parí tí báńkì sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù wa, ₦90,000 ni a bá níbẹ̀.

A bi akápò léèrè. Ó ní, "Owó-orí ni." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. A kò bèèrè bí wọ́n ṣe ṣírò ó, a kò bèèrè ibi tí ó ń lọ, a kò sì gba ìwé kankan. A kùn sí ìjọba díẹ̀, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Lójú tiwa, bí ìdámẹ́wàá ni owó-orí ṣe rí: Ọlọ́run ń gba tirẹ̀, ìjọba náà ń gba tirẹ̀. Ẹni tí ń kọ ìwé owó oṣù nínú wa pàápàá kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe fi hàn án ni ó ń ṣe é: kí ó gé ₦10,000 lórí ₦100,000 kọ̀ọ̀kan, kí ó sì san án fún ọ́fíìsì owó-orí kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tí ń bọ̀ tó kọjá.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àbúrò ọ̀kan nínú wa, ẹni tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé-ìwé wa níhìn-ín, ránṣẹ́ pé àkókò owó ìdánwò WAEC ti tó. Ara baba wọn kò yá lọ́dún náà, oko kò sì mú nǹkan wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo àpò rẹ̀, ó rí i pé owó ilé àti oògùn baba ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní kí ó ní sùúrù di ọdún tí ń bọ̀. Ọmọ náà kò jiyàn. Ilé-ìwé fi orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, òun sì tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà.

Ọdún Kérésì náà ni ojú wa là. A wá sílé, a sì lọ kí ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ti jáde nílé-ìwé yìí kí wọ́n tó bí wa, tí ó sì ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ owó-orí. Bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ, a ṣàwàdà pé ìdámẹ́wàá méjì ni a ń san. Baba náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ni ó sọ fún yín pé ìdámẹ́wàá ni owó-orí? Ṣé ìjọba ti di ìjọ ni? Ìwé owó oṣù yín dà?"

"A kò ní, sà."

Ó mú àpò-ìwé ìkórè kan, ó kọ ìṣirò sẹ́yìn rẹ̀. Owó wa fún ọdún kan jẹ́ ₦1,200,000. Òfin tí ó wà nígbà náà kò gba owó-orí lórí gbogbo rẹ̀. A ó kọ́kọ́ yọ ₦200,000 kúrò, a ó sì tún yọ ìdá 20 nínú 100 gbogbo owó náà, èyí tí í ṣe ₦240,000. Ó ku ₦760,000. Lórí ₦300,000 àkọ́kọ́, ìdá 7 nínú 100 ni, ₦21,000. Lórí ₦300,000 tí ó tẹ̀lé e, ìdá 11, ₦33,000. Lórí ₦160,000 tí ó kù, ìdá 15, ₦24,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦78,000 lọ́dún, ìyẹn ₦6,500 lóṣù. Wọ́n ti gé ₦120,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ó kọ ₦42,000 sísàlẹ̀, ó sì fa ìlà yí i ká.

A dákẹ́. Olúkúlùkù wa ló mọ ohun tí ọ̀kan nínú wa ń rò, nítorí owó ìdánwò àbúrò rẹ̀ kò tó ₦42,000. Ẹni tí ń kọ ìwé owó oṣù kò lè gbé ojú sókè. Kò jí owó ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ ni ó san fún ìjọba. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ó gé e, nínú owó tirẹ̀ àti nínú owó wa, oṣù méjìlá gbáko. A kò bá a jà. Àwa méjì tí a kò bèèrè kò sàn ju òun tí kò wádìí lọ.

Baba náà rán wa létí pé àwọn baba wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì láti kọ owó-orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Baba tí kò mọ̀wé pàápàá ń tọ́jú ìwé owó-orí rẹ̀ sínú agolo, nítorí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá bi òun láàárín ọ̀nà, ìwé náà ni yóò gba òun. Àwa tí a kàwé kò ní ìwé kan ṣoṣo lọ́wọ́.

Ó wá sọ ohun tí a ó ṣe. Owó tí ó lé kì í ṣe ti ìjọba. Òfin gbà kí wọ́n dá a padà, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó-orí tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ín ni yóò bèèrè, pẹ̀lú ẹ̀rí. Nítorí náà a gba ìwé owó oṣù wa láti oṣù àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, a gba ẹ̀rí ohun tí ilé-iṣẹ́ wa san, a sì kọ̀wé. Inú ọ̀gá wa kọ́kọ́ ru, ó rò pé a fẹ́ fi òun sun ni. Nígbà tí ó rí ìṣirò náà, ó rí i pé gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Fún àwa méjì tí a dúró síbẹ̀, wọ́n yọ ₦42,000 náà kúrò nínú ₦78,000 tí à bá san ní ọdún kejì, ó ku ₦36,000. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ń kọ ìwé owó oṣù, ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń lọ sí ìlú Ọba. Kò ní owó-orí kankan níwájú níbí tí wọn ì bá yọ ọ́ nínú rẹ̀, nítorí náà ó ní kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Ó pẹ́, a tẹ̀lé ìwé náà láti tábìlì dé tábìlì, ṣùgbọ́n owó náà dé. Ó ní kí a má fi ránṣẹ́ sí òun. Ó ní kí a fi san owó ìdánwò ọmọ náà. Gbogbo wa ni a kọ́ ìtàn Sákéù agbowó-òde ní kíláàsì Bíbélì, ẹni tí ó ṣèlérí láti dá ohun tí ó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ wa kò fi èrú gba nǹkan kan, owó rẹ̀ kò sì tó ìlọ́po mẹ́rin. Síbẹ̀, a mọ ẹ̀kọ́ tí ó rántí.

Ẹ̀kọ́ náà bá a dé ìlú Ọba. Oṣù Kìn-ín-ní ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, lórí £2,000 lóṣù, wọ́n sì ń gé nǹkan bí £190. Ọdún owó-orí wọn ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ẹni tí owó rẹ̀ fún ọdún kan kò bá sì kọjá £12,570 kò jẹ owó-orí kankan. Oṣù mẹ́ta péré ni ó ṣe, £6,000. Wọ́n gé e nítorí pé wọ́n ń ṣírò oṣù kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó ti ń ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Lọ́tẹ̀ yìí kò kùn. Ó tọ́jú ìwé rẹ̀, ó ka ọjọ́, ó bèèrè, wọ́n sì dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, òfin wa náà ti yí padà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2026, kò sí owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí a ń ṣírò fún ọdún kan. Ìdá 15 nínú 100 ni ti ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá háyà ilé lè yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé rẹ̀ kúrò, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn. Ẹni tí ń gba ₦100,000 tí ó sì ń san ₦200,000 lọ́dún fún ilé yóò san ₦4,500 lóṣù. Bí wọ́n bá gé jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó bèèrè. Bí wọ́n bá gé dín sí bẹ́ẹ̀, kí ó bèèrè pẹ̀lú, nítorí ohun tí í ṣe ti Késárì kì í ṣe tiwa. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àbúrò wa ṣe ìdánwò náà ní ọdún kejì, ó sì yege. Bí ó ti ń dúró de ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ₦60,000 lóṣù. Ní ìparí oṣù àkọ́kọ́, kí ó tó fi owó náà ra ohunkóhun, ó gbé ìwé owó oṣù rẹ̀ wá bá wa, ó ní kí a jọ ṣírò rẹ̀. Ó jẹ́ ₦720,000 lọ́dún, kò tó ₦800,000. Wọn kò gé kọ́bọ̀. Ó ká ìwé náà, ó fi sínú Bíbélì rẹ̀, ó sì lọ fún ìyá rẹ̀ lówó.