Láti Lithonia Dé Nassau: Ìnṣọ́ránsì Tí A Rà Kí Màmá Tó Wọ Ọkọ̀ Òkun

Lithonia jìnnà sí òkun. Ilẹ̀ olókùúta ni, ní ìlà-oòrùn Atlanta, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta láti ayé àwọn baba wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ní Port Canaveral, ní Florida, yóò kọ́kọ́ fi mọ́tò rin wákàtí méje ó lé. Ìrìnàjò náà la fi yẹ́ Màmá sí nígbà tí wọ́n pé ẹni 70 ọdún: Nassau, ní Bahamas, la ń lọ.

Ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀rọ̀ aṣọ, ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ti gba ilé kan. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá mi, kí la tún ń ra ìnṣọ́ránsì sí? Ṣebí Màmá ní Medicare."

Ọ̀pọ̀ wa ní Amẹ́ríkà ló gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí àwọn òbí wa ló ń jìyà rẹ̀. Medicare kì í sábà san owó ìtọ́jú lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Lórí ọkọ̀ òkun, ó lè san bí ọkọ̀ bá wà ní èbúté Amẹ́ríkà tàbí tí kò jìnnà sí i ju ìrìn wákàtí mẹ́fà lọ. Ọkọ̀ tó bá ṣí ní ìrọ̀lẹ́ á ti kọjá ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn tó ni ọkọ̀ fi ìnṣọ́ránsì tiwọn lọ̀ wá. Kò wọ́n. Mo kà á dé ìsàlẹ̀: 10,000 dọ́là ni òpin owó ìtọ́jú. Bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú tó ní dókítà nínú gbé aláìsàn wá sílé láti òkèèrè lè ná ènìyàn ju 50,000 dọ́là lọ. Ohun tí ìwé náà tẹnu mọ́ ni dídá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà. Tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ta ìnṣọ́ránsì bi mí pé, "Bọ̀dá, ọjọ́ wo lẹ san owó àkọ́kọ́?" Ìbéèrè yẹn ló ṣí mi lójú. Tí ènìyàn bá tètè rà á, láàárín ọjọ́ 14 sí 21 lẹ́yìn owó àkọ́kọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, wọn kò ní fi àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ kọ owó sísan. Ẹni tó bá pẹ́, wọ́n á tú ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀ wò. Ti ìjì náà wà níbẹ̀: láti 1 Oṣù Kẹfà dé 30 Oṣù Kọkànlá ni àsìkò rẹ̀, ìjì tí wọ́n bá sì ti sọ lórúkọ, ẹni tó ra ìnṣọ́ránsì lẹ́yìn náà kò lè torí rẹ̀ gba kọ́bọ̀. Bákan náà, wọn kì í sanwó fún ẹni tí wọ́n dá padà ní èbúté nítorí ìwé ìrìnnà tí kò pé. Kí ẹni tó ń lo páálí Nàìjíríà fi ìyẹn sọ́kàn.

Màmá fúnra wọn ló béèrè èyí tí ẹnu wa kò gbà. "Bí ọlọ́jọ́ bá dé lójú omi ńkọ́?" Ìwé tí a mú kọ ọ́ pé ilé ẹni ní Amẹ́ríkà ni wọn yóò gbé òkú dé. Màmá ní, "Kí wọ́n ṣáà gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ óò gbé mi dé Ìjẹ̀bú." Gbogbo wa dáhùn pé Ọlọ́run ò ní jẹ́. Ìnṣọ́ránsì tó ń san 100,000 dọ́là fún ìtọ́jú àti 250,000 fún gbígbé aláìsàn wálé la rà.

A gba I-75 kọjá Macon àti Valdosta. Màmá ra ẹ̀pà sísè létí títì, wọ́n ń jẹ ẹ́ títí a fi kọjá Orlando.

Nínú ọkọ̀, kí a tó dé Nassau, òòyì kọ́ Màmá lóru, wọ́n ń bì. Àwọn dókítà inú ọkọ̀ fa omi sí wọn lára, wọ́n sì tọ́jú wọn dáadáa, ṣùgbọ́n orí owó yàrá wa ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí. A san án. Mo gba rìsíìtì àti ìwé dókítà, mo sì pe nọ́ńbà ìnṣọ́ránsì lóru ọjọ́ náà. Ní Nassau, Màmá jókòó ní ọjà àwọn tó ń hun agbọ̀n, wọ́n ń ná ọjà bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Nígbà tí a padà sí Lithonia, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì béèrè ìwé lọ́wọ́ dókítà Màmá nílé, lẹ́yìn náà wọ́n dá owó wa padà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé òbí yín lọ sójú òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: èló ni fún ìtọ́jú, èló ni fún gbígbé wọn wálé, ṣé àìsàn tó wà lára wọn wà nínú rẹ̀? Ẹ gba èsì náà lákọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò ló gbà kí ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ 10 sí 15, kí ẹ sì gba owó yín, bí ẹ kò bá tíì gbéra. Ẹ fi àwọn ọjọ́ yẹn ka ìwé náà tán.