Òkè Tí Kò Sí Ní Òkè Pópó

Ìbéèrè ọmọdé ni ó gbé wa dé Abẹ́òkúta. Ní ilé-kéwú wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a ń túmọ̀ Súrà An-Naba fún àwọn ọmọ, a sì dé ibi tí Ọlọ́run ti fi àwọn òkè wé èèkàn. A mú ẹfun, a ya òkè sí ojú pátákó: ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ ṣóńṣó. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Àáfà, Òkè Pópó ni a ń gbé, Òkè Arìn ni màmá mi ti ń tajà. Níbo ni òkè náà wà?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Iyanrìn àti omi ọ̀sà ni ó yí wa ká. Ohun tí ó ga jù tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ti gùn rí ni afárá Kátà.

A ní a ó kó wọn lọ sí Olúmọ. Ọmọ 14 forúkọ sílẹ̀. 13 ni ó bá wa lọ. Ìyá àgbà kan ni ó wá bá wa, ó ní, "Àáfà, ẹ dákun, ṣebí ojúbọ wà níbẹ̀? Ṣé ibẹ̀ ni ẹ fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ?" Kò parọ́, ojúbọ wà níbẹ̀. A ní òkúta ni a ń lọ wò, pé Ẹni tí ó dá òkúta náà ni a ń sìn. Ó mi orí, ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sílé. A kò dá a lẹ́bi.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, a gba orí afárá Kátà kọjá sí Ìddó, a dé ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Èbúté Mẹ́ta. Ojú irin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, tóóró ni. Tuntun yìí, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021, fẹ̀ jù ú lọ. Kìlómítà 157 ni láti Èkó dé Ìbàdàn. Ojú fèrèsé ni àwọn ọmọ wà: Agége, Àgbádó, Pápáláńtò. Ní tiwa, a ń bá olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa jiyàn bóyá ìrìn yìí tó máìlì 48 tí àwọn onímọ̀ Màlíkì kà kí ènìyàn tó dín ìrun kù. Iyàn náà kò tán títí a fi sọ̀kalẹ̀. A kí ìrun wa pé.

Ẹ̀rọ agbéniròkè wà ní Olúmọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni a fẹ́ fi gùn ún. A rí ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, ní nǹkan bí 1830, àti kòtò tí wọ́n fi ń lọ nǹkan lára òkúta. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ojúbọ, àwọn ọmọ dákẹ́, wọ́n ń wo ojú wa. A kọjá lọ. Níwájú díẹ̀, orúnkún wa kọ̀, a jókòó. Ọmọ Òkè Pópó yẹn ni ó padà wá: "Àáfà, ẹ di ọwọ́ mi mú."

Lókè, a rí orí páànù tí ó ti dípẹtà, odò Ògùn, àti mọ́sáláṣí ńlá Kóbítì. Ọmọ náà ń fi ọwọ́ pa òkúta. Ó ní, "Àáfà, kò ṣóńṣó. Ó rí bí ẹ̀yìn erin. Èyí tí ẹ ya kọ́ nìyí."

Kàlẹ́ńdà ni a ti rí èyí tí a ya. Òkè Alps ti Switzerland ni, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé ènìyàn dé Jungfraujoch láti 1912, mítà 3,454 sí òkè òkun. Mítà 137 péré ni Olúmọ. À bá sọ pé òkè pé oríṣiríṣi, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ó tún bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti gun òkè rí?"

A ní, "Rárá. Òní ni àkọ́kọ́."

Ó ní, "Èmi náà."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọmọ-ọmọ ìyá àgbà yẹn bèèrè bí òkè ṣe rí. A nu ti wa kúrò lójú pátákó, a fún ọmọ Òkè Pópó ní ẹfun. Ó ya ohun roboto kan, ó sì ya ẹnì kan tí ó wé láwàní, tí ó jókòó sí ìdajì ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ẹni tí ó jẹ́.